Ọdún kan péré làwọn ọmọ wa nílò kí wọ́n tó wọ Medicine

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí èsì JAMB ti jáde lọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní màá kọ ọ́, màá kọ ọ́, iṣẹ́ ò jẹ́, àmọ́ mi ò lè gbé e mì mọ́ báyìí. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, àyè ṣí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò ju báyìí lọ. Nílẹ̀ wa níbí, ọdún kan tí ọmọ lè fi múra sílẹ̀ kó tó wọ Medicine, ẹni tó lówó ló ń rà á fún ọmọ ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó fún wa ní dìgírì dókítà níjọ́sí, ọmọ tí òbí ẹ̀ ò ní ni wọ́n dá ọdún yẹn sílẹ̀ fún. Mo fẹ́ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn, nítorí ibí ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, ibí náà ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí, ilé ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ni, ẹ̀gbẹ́ Yemẹtu níbí. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn dáadáa mọ̀ pé ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti Yemẹtu dé UCH, ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, ìyá òmíì nínú wọn ló ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ń rà jẹ, bàbá òmíì ló ń fi ọ̀kadà gbé nọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Wọ́n mọ kóòtù funfun àwọn dókítà bí ẹní mowó. Tẹ́ ẹ bá wọ kíláàsì SS1 kẹ́ ẹ béèrè pé ta ló fẹ́ di dókítà, ọwọ́ tó máa nà sókè, ẹ ò ní kà á tán. Ẹ wá padà béèrè ní SS3. Ẹ máa gbọ́ nursing, ẹ máa gbọ́ lab, ẹ máa gbọ́ "ohun tí wọ́n bá ṣáà ti fún mi, mà." Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé orí wọn ò pé o, àwọn fúnra wọn ló ti wo ọ̀nà tí wọ́n rí i pé kò gba àdúgbò àwọn kọjá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti London ná, torí níbẹ̀ lojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Peckham, ọkọ ẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, òun ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí kíà yẹn. Ọmọkùnrin wọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ti sọ látìgbà tó wà ní kékeré pé dókítà lòun fẹ́ ṣe, àwa náà ń pè é ní dókítà bí a ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ ilé ìwé tí ọmọ yìí lọ, tíṣà kẹ́místrì ò dúró síbẹ̀, bí èyí ṣe ń dé nìyẹn ń lọ, nígbà tí wọ́n sì sọ máàkì tí wọ́n rò pé ó máa gbà ní A-Level, ìdánwò àṣekágbá tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, fún un, kò tó èyí tí àwọn yunifásítì ń béèrè fún Medicine. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lóru ọjọ́ yẹn, ó ń sunkún, ó ní ṣé kó kúkú lọ ṣe Biomedical Science. Tíṣà kan níléèwé ọmọ yẹn ló ní ẹ dákẹ́ ná, ọ̀nà míì wà, ó ní kí wọ́n wo àwọn kọ́ọ̀sì Medicine ọlọ́dún mẹ́fà lórí UCAS, ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní Gateway nìyẹn, tàbí Medicine with foundation year. Dípò ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́fà ni ọmọ máa lò. King's College London wà lára àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ní 2001, wọ́n pe tiwọn ní Extended Medical Degree Programme, àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba tó wà ní ìhà Lambeth, Southwark àti Lewisham ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Peckham wà nínú Southwark, gbogbo wa la sì mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Southampton bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2002, BM6 lorúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni East Anglia, Leicester, Nottingham, Bristol àti àwọn míì wá ní tiwọn. Ní Scotland, ìjọba ló fowó sí ti Aberdeen àti Glasgow, 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ohun tí wọ́n ń bi ọmọ kí wọ́n tó gbà á. Ṣé o jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún ọmọ tí òbí ẹ̀ ò ní nílé ìwé? Ṣé ìwọ ni àkọ́kọ́ nínú ilé yín tó máa lọ yunifásítì? Ṣé àwọn òbí ẹ ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba torí owó tó ń wọlé fún wọn kéré? Ṣé ìjọba ló gbà ọ́ tọ́, tí kì í ṣe òbí? Àdúgbò tí o ń gbé ńkọ́, ṣé ara àwọn ibi tí ọmọ tó ń lọ yunifásítì ò ti pọ̀ ni? Ní Southampton, ó kéré tán mẹ́ta nínú irú àwọn nǹkan báyìí gbọ́dọ̀ bá ọmọ mu, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé lẹ máa kó wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé òun tí àìní òun máa ṣílẹ̀kùn fún ọmọ òun, gbogbo ìwé tó máa ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí ìtìjú, òun náà ló ń fà yọ tó ń yà fọ́tò.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ṣàánú o. Wọ́n ṣì ń ṣe UCAT, ìdánwò àṣewọlé fún Medicine, wọ́n ṣì ń ṣe intafíù, ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ gba máàkì tó dáa ní A-Level, máàkì yẹn ni wọ́n kàn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sì yé mi yékéyéké, torí iṣẹ́ mi ni. B tí ọmọ gbà níléèwé tí ò sí tíṣà, tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ kó tó kàwé, ẹ ò lè gbé e sórí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú A tí ẹni tó ní tíṣà mẹ́ta àti lẹ́sìn nílé gbà. Ní 2014, àjọ tó kó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Britain jọ gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń gba fọ́ọ̀mù Medicine, ọgọ́rin wá láti ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ilé ìwé tó wà nílẹ̀ náà. Ìdajì gbogbo ilé ìwé tó wà níbẹ̀, fún odidi ọdún mélòó kan, ẹnì kan ṣoṣo ò tibẹ̀ gba fọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo ní Yemẹtu wà ní London náà.

Nínú ọdún àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n á tún kẹ́místrì àti ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn ṣe fún wọn látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kàwé ní yunifásítì àti bí wọ́n ṣe ń kọ èsì ìdánwò, wọ́n á mú wọn lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọn kì í pọ̀ nínú kíláàsì. Ọmọ tó bá yege, ó di inú ọdún kìíní Medicine pẹ̀lú àwọn tó kù, kò sí pé ó tún fẹ́ lọ gba fọ́ọ̀mù tuntun. Látibẹ̀ lọ, ìdánwò kan náà ni, ọsibítù kan náà ni, sátífíkéètì kan náà ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà lọ́dún kẹta báyìí, kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú kó sọ ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ níbí, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà pín àyè. Nínú ọgọ́rùn-ún, 45 jẹ́ ti máàkì nìkan, 35 jẹ́ ti catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, 20 tó kù jẹ́ tàwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí pé ẹ̀kọ́ ò tíì rìn jìnnà níbẹ̀, ELDS. Ẹ jẹ́ ká dúró síbi ELDS yẹn díẹ̀, torí òun nìkan ló jọ pé wọ́n fi ro ti ẹni tí nǹkan ò dọ́gba fún. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọn ò wo ilé. Ọmọ mínísítà tó lọ sí ilé ìwé olówó gọbọi ní Abuja, tí bàbá ẹ̀ bá ti wá láti ìpínlẹ̀ tó wà nínú ìwé yẹn, ọmọ ELDS ni. Ọmọ alágbàfọ̀ ní Ọjà Ọba tàbí ní Kúdẹtì, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Ọ̀yọ́ ò sí nínú ẹ̀, òun àti ọmọ Bódìjà tó ní tíṣà lẹ́sìn fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á jọ to orí ìlà kan náà. Mi ò bínú sí àwọn ìpínlẹ̀ yẹn o, àwọn ọmọ tálákà ibẹ̀ náà, ọmọ ńlá inú wọn ló ń gba àyè mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n yẹ kí wọ́n wọ inú ilé, kí wọ́n wo ohun tó wà nínú ìkòkò.

Ẹ̀yin kan á ní ṣebí a ní foundation tiwa náà. Bẹ́ẹ̀ ni, a ní pre-degree ní àwọn yunifásítì kan, a ní JUPEB, a ní IJMB tó ti wà tipẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn Zaria. Èèyàn lè fi JUPEB tàbí IJMB gba Direct Entry, ìyẹn kó wọ ọdún kejì, 200 Level, tààrà, máàkì 16 ló ga jù níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ Medicine, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Àmọ́ owó ni. Owó ilé ẹ̀kọ́, owó ibùgbé, owó fọ́ọ̀mù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n ń kà sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Ẹni tó ṣe pre-degree ṣì tún máa ṣe JAMB, kò sẹ́ni tó bá a dì í mú pé Medicine ni wọ́n máa fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gba JUPEB àti IJMB, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ béèrè ní yunifásítì tí ọmọ yín ń fẹ́ gan-an kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, mo ti rí àwọn tó sanwó tán kí wọ́n tó mọ̀.

Ní ìdákejì, ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọbìnrin kan tí mo kọ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, òun ló ń bá a fọ ewé láàárọ̀ kó tó wá síléèwé. Lọ́jọ́ kan mo ya ọkàn sórí pátákó, mi ò tíì ṣàlàyé nǹkan kan, ọmọ yìí nawọ́ sókè, ó ní "Mà, kí ló dé tí ògiri apá òsì fi nípọn ju ti apá ọ̀tún?" Mo ní kí gbogbo kíláàsì ronú sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, òun náà ló dáhùn, ó ní àbí torí pé apá òsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, ti apá ọ̀tún ò ní ju inú ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí lọ. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn tẹ̀ lé e.

Ọmọ yìí kan náà, láàbù kẹ́místrì wa, burette, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà, kan péré ló kù tí kò tíì fọ́. Kíláàsì lé ní ọgọ́ta ọmọ. Tí tíṣà bá ń ṣe titration, àwọn tó wà níwájú ló ń rí àwọ̀ bó ṣe ń yí padà, àwọn tó kù ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Inú gbọ̀ngàn WAEC ni ọmọ yìí ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara ẹ̀ di pipette mú. C ló gbà, ìyẹn kírẹ́dìítì náà ṣì ni. JAMB wá dé. Kò tíì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀. JAMB ti ro ti irú wọn díẹ̀, wọ́n ní kò pọn dandan kéèyàn lo mouse, kíì mẹ́jọ péré lèèyàn lè fi ṣe gbogbo ìdánwò, A, B, C, D láti fi mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti padà sínú ìdánwò. A ya kíì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí páálí, ó ń fi ọwọ́ lù ú lórí tábìlì nílé, bó ṣe múra ìdánwò nìyẹn. 260 àti díẹ̀ ló gbà. 200 ni UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ń béèrè kéèyàn tó lè ṣe post-UTME, ìdánwò tí àwọn fúnra wọn ń ṣe, JAMB kó ìdajì, post-UTME kó ìdajì, àmọ́ fún Medicine, àwọn tí wọ́n jọ ń lé àyè yẹn, 300 lọ́wọ́ ni wọ́n ń bọ̀. Kò wọlé. Mo lọ bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ pre-degree, mo sọ iye tó máa ná wọn, màmá yẹn fi aṣọ nu ọwọ́, ó wò mí, ó ní "Àǹtí tíṣà, ẹ̀kọ mélòó nìyẹn?"

Mi ò rí èsì fún un. Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, mi ò tíì rí i. Ọmọ tó mọ ìdí tí ògiri ọkàn fi nípọn kí tíṣà tó sọ ọ́, ẹ ò lè sọ fún mi pé kò lè ṣe dókítà. Ohun tó kù ún kù ni láàbù àti kọ̀ǹpútà àti ẹni tó máa jókòó tì í, àwọn nǹkan tí ọdún kan lè fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí náà o, torí ìbéèrè ẹ̀ ń wọlé sọ́dọ̀ mi gan-an. Àwọn ẹ̀jẹ́ńtì kan wà ní ìgboro níbí tí wọ́n ń sọ fún èèyàn pé àwọn máa bá ọmọ yín wọ foundation Medicine ní UK. Gateway tí mò ń sọ yìí, ọmọ tí UK kà sí ọmọ ilé ni wọ́n ń fún, ẹni tó ń tibí lọ kò sí nínú ẹ̀ rárá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé òbí ẹ̀ débẹ̀ lórí físà iṣẹ́ náà, wọn ò tíì kà á kún un, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́, kó sì ti gbé ibẹ̀ tó ọdún mẹ́ta. Èyí tí wọ́n ń tà fún yín, ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ni, ẹni tó ṣe é tán ò ní àyè Medicine kankan lọ́wọ́. Ní England, àyè tí wọ́n ń fún àlejò nínú Medicine kò ju 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, owó ọdún kan sì lé ní 40,000 pọ́n-ùn ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún tí ọmọ yín kúnjú ìwọ̀n, tiyín yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. 15 October ni fọ́ọ̀mù Medicine máa ń pa dé lórí UCAS, Gateway náà wà nínú ẹ̀. UCAT ti máa ń parí kó tó dìgbà yẹn, ọmọ tí owó ò sí fún lè gba ìrànwọ́ kí wọ́n san owó ìdánwò yẹn fún un, ẹ tètè béèrè. Láti ọdún karùn-ún lọ, NHS, àjọ ìlera ìjọba wọn, ló máa ń gba owó ilé ẹ̀kọ́ ṣe fún àwọn tó wà ní England. Ẹ kó ìwé yín jọ, ẹ má tijú.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé tí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ níbí, standard máa wálẹ̀. Mo máa ń bi wọ́n pé ṣé ẹ mọ ìtàn UI ṣá? Láyé tó ń jẹ́ University College, Ìbàdàn, tí London ló ń fún wa ní dìgírì, ọmọ tí kò ní A-Level máa ń ṣe ìdánwò concessional, ó ń wọlé, ó ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ṣe prelim, ìyẹn ọdún ìmúrasílẹ̀, kó tó dé inú ìwé gan-an. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé ilé ìwé tó ní HSC, tí wọ́n ti ń kọ́ A-Level, ò pọ̀ nígbà yẹn, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé di èèyàn ńlá, kò sì sẹ́ni tó sọ pé standard wálẹ̀. Ẹ tún wo èyí: wọ́n dá UCI sílẹ̀ ní 1948, 1957 ni wọ́n tó ṣí UCH. Kó tó dìgbà yẹn, Adéọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe teaching hospital. Adéọ̀yọ́, ní Yemẹtu. Àwọn ará àdúgbò yìí ni wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìṣègùn láti fi kọ́ṣẹ́, àwọn ìyá-ìyá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Ó tó kí Medicine náà mọ ọ̀nà ilé wọn.

Igbó-Ọrà náà ńkọ́? Láti 1963 ni UI ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Medicine lọ sí Ìbàràpá kí wọ́n lè mọ bí ìlera ará oko ṣe rí, iṣẹ́ gidi ni, mo kí wọn. Mo kàn fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ náà máa kó ọmọ Igbó-Ọrà bọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ti sọ ọ́ ní 2010 pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn dìídì máa gba àwọn ọmọ tó dàgbà sí ìgbèríko, torí àwọn ló ṣeé ṣe jù pé kí wọ́n padà lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní àkókò tí àwọn dókítà wa ń lọ bí omi yìí, ó yẹ ká gbọ́.

Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Kí wọ́n fi ogún ọmọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún. Ọmọ tó ti ilé ìwé ìjọba jáde, látorí JSS1 títí dé SS3, tí kò sí ẹni tó lọ yunifásítì rí nínú ilé wọn, tí ilé fúnra ẹ̀ ò sì ní. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé àwọn ọlọ́lá á ra lẹ́tà, wọ́n á sọ ọmọ wọn di ọmọ tálákà lọ́sàn-án gangan. Òun lèmi náà ń rò jù lọ, torí mo mọ bí a ṣe ń ṣe. Àmọ́ ìwé ọdún mẹ́fà nílé ìwé ìjọba kò rọrùn láti ṣe ayédèrú ẹ̀, orúkọ á wà nínú rẹ́jísítà ọdọọdún, nọ́ńbà WAEC á sọ ilé ìwé tí ọmọ ti jókòó. Kí wọ́n sì rán èèyàn lọ sílé ọmọ, kí wọ́n bi àwọn aládùúgbò. Southampton ń béèrè ìwé, àwa lè béèrè ìwé àti ojú. Kò ní gún régé lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á rí ibi tó ń jò, wọ́n á dí i.

Ọ̀rọ̀ owó wá ni ibi tí mo rò pé èèyàn ò tíì wò dáadáa. Ní UK, ọdún àkọ́kọ́ yẹn wà nínú dìgírì gan-an, látọjọ́ tí ọmọ ti wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ Medicine ni, ìdí nìyẹn tí owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ fi bò ó. Níbí, pre-degree wà níta, ọmọ tó ń ṣe é ò tíì ní admission, nítorí náà NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ò lè kàn án. Láti 2024 ni NELFUND ti wà, wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, wọ́n tún ń fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù fún ìjẹ, kò sí èlé lórí ẹ̀. Tí ọdún ìmúrasílẹ̀ yìí bá wà nínú MBBS, dìgírì dókítà wa, tí JAMB fún ọmọ ní admission sí i, tó gba nọ́ńbà matric lọ́jọ́ kìíní, NELFUND máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, a ò ní béèrè iye ẹ̀kọ tí ìyá ẹ̀ máa tà. Ohun tí gbogbo ẹ̀ dá lé lórí nìyẹn: kí ọdún yẹn wọ inú, kó má wà níta.

Mo ti ń kọ lẹ́tà kan lórí ẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin ni, mo fi gbogbo ohun tí mo sọ yìí síbẹ̀ pẹ̀lú bí King's àti Southampton ṣe ń yan ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní College of Medicine, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ilé ìwé ìjọba débẹ̀, mi ò béèrè owó lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi ka lẹ́tà yẹn, ẹ sọ ibi tí kò bá ti tọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́fíísì tó yẹ kí n gbé e lọ fún mi. Ẹ kọ sí mi nísàlẹ̀ níbí, màá fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ kan náà.